Sísùn Nínú Ọgbà Ilé Ẹni: Irọ́ Tó Ń Dẹ́rù Bà Wá, Òótọ́ Tí A Fojú Fò

Ẹ kàn sọ fún ará ilé pé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo yín máa sùn, baba, ìyá àti ọmọ. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu yín, ìkìlọ̀ á ti máa wọlé. Màmá àgbà á ní ìrì á pa àwọn ọmọ. Alájọgbélé á béèrè bóyá ẹ ti gbàgbé ejò. Ẹlòmíràn á ní nǹkan òyìnbó ni, pé òyìnbó kò mọ ohun tó ń rìn lóru nílẹ̀ wa. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà wà nílẹ̀ gbalaja tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀: àdògán eléèédú, jẹnẹrétọ̀ alámùúlégbè, ìrẹsì àná.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Nǹkan òyìnbó ni"

Èyí kò ní gbà wá lákòókò. Òótọ́ ni pé àgọ́ bíi ti àwọn Scout ti ilẹ̀ òkèèrè wá: oṣù Kẹjọ ọdún 1907 ni Baden-Powell, olùdásílẹ̀ wọn, kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di 1915, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ Yorùbá láti sùn síta? Agbo ilé àtijọ́ ní àgbàlá láàárín. Òṣùpá á yọ, wọn á tẹ́ ẹní, wọn á máa pàlọ́ títí oorun á fi gbé àwọn ọmọ lọ. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà ń sùn ní ahéré nígbà ìkórè. Títí di òní, bí ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta bá mú, tí wọ́n tún mú iná lọ, ẹ rìn kọjá níwájú ilé ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru, ẹ ó rí ẹní nílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé lọ́tẹ̀ yìí, a kò dúró kí ooru lé wa síta. Àwa fúnra wa la mú ọjọ́, a sì múra sílẹ̀.

"Ìrì á sẹ̀ sí wọn lórí, wọn á kó ibà"

Èyí ni mo ń gbọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìrì fúnra rẹ̀. Kì í já bọ́ láti òkè. Lóru tí kò bá sí kùrukùru lójú ọ̀run, ooru tí ilẹ̀ ti gbà lọ́sàn-án á máa gòkè lọ. Koríko, páànù àti òrùlé ọkọ̀ á tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká lọ, omi tí kò hàn sójú tó wà nínú afẹ́fẹ́ á sì di ẹ̀kán sí wọn lára, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń yọ lára ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Omi lásán ni. Ohun tó bá wà lábẹ́ ìbòrí kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tí tàpólì kan tí a nà sókè fi tó láti gba ìdílé kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ibà, ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí àríyànjiyàn rẹ̀ ti parí. Ní 1897, ní ìlú Secunderabad nílẹ̀ Íńdíà, dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Ìrì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Oòrùn kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ àṣekára kò sí níbẹ̀, òróró kò sí níbẹ̀. Ẹ̀fọn ni. Òtútù àyà ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, ó sì ń ràn láti ara ẹni tó ní in. Láti ìparí ọdún 2014 ni Nàìjíríà ti ń fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà èyí tó burú jù nínú rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ ọwọ́. Bí màmá bá ń bẹ̀rù òtútù àyà, káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ ni kí ẹ gbé wá wò.

Ṣùgbọ́n màmá kò jẹ̀bi tán o. Àwọn ọmọ kan wà tí òtútù ń bá jà ní tòótọ́. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SS, lè bẹ̀rẹ̀ ìrora egungun nítorí pé otútù mú un mọ́jú. Ọmọ oníkọ́ fée kò gbọdọ̀ sùn sínú eruku ọyẹ́, tí atẹ́gùn ń gbé wá láti aṣálẹ̀ apá Chad, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sùn nítòsí èéfín igi. Ọmọ jòjòló, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Fún àwọn tó kù, ẹ rántí pé ilẹ̀ ń fa ooru kúrò lára ẹni tó sùn lé e. Àwọn òbí máa ń kó aṣọ ìbora lé ọmọ lórí, ọmọ á ṣì máa gbọ̀n, nítorí pé ẹní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ tàpólì, ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ púpọ̀ lé e, kí ẹ tó tẹ́ ẹní lé gbogbo rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ẹni ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi bora lọ.

"Ẹ̀fọn ìta ló burú, inú ilé ló dáa"

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti yọ lọ́kàn èèyàn. Ẹ̀fọn wà níta. Àmọ́ abo ẹ̀fọn Anopheles, tó ń gbé ibà, mọ ọ̀nà yàrá dáadáa. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ló fi ń jẹni, á wọlé, á mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sùn, á lọ bà sára ògiri kó sinmi. Nínú gbogbo ẹni tí ibà ń mú láyé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti Nàìjíríà, kì í sì í ṣe nítorí pé a ń sùn síta. Ọmọ tó sùn ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn wà láàbò ju èyí tó sùn nínú yàrá láìsí nẹ́ẹ̀tì lọ.

Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn gan-an tó. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ nà án síbi òjìji fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Ẹ má sá a sínú oòrùn, nítorí pé oòrùn ń pa agbára oògùn rẹ̀. Ẹ so igun méjì mọ́ okùn ìsáṣọ, ẹ so méjì yòókù mọ́ òpó tàbí ẹ̀ka igi. Ẹ wá ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù yíká, kí ó má fẹ́ lẹ́lẹ́. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe ni fífún nẹ́ẹ̀tì náà: bí ó bá há, apá ọmọ á kan ara rẹ̀ lójú oorun, ẹ̀fọn á sì jẹ ẹ́ láti ìta. Fún ọmọ mẹ́ta, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì méjì. Àgọ́ tí a rà lọ́jà náà dára, bí ojú fèrèsé rẹ̀ bá ní àwọ̀n tó dí, tí síìpù rẹ̀ sì ń pa dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ lásán lẹ rà.

Iṣẹ́ gidi gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá yé ẹyin sínú omi títí tí ọmọ rẹ̀ á fi fò, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ rìn yí ọgbà ká. Ẹ da omi inú táyà àlòkù nù, àti ti inú kẹ̀kẹ́ bírìkì, agolo, èèpo àgbọn, abẹ́ ìkòkò òdòdó. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀fọn tí kò bí kò ní jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jẹ́ ká sun kọ́ìlì sínú àgọ́, a ó sì ti ẹnu rẹ̀ pa." Rárá o! Àwọn olùwádìí tó gbé èéfín kọ́ìlì yẹ̀ wò ní ọdún 2003 rí i pé ìwọ̀n eruku kíkúnná tó ń jáde lára ẹyọ kan tó ti sìgá márùndínlọ́gọ́rin ó kéré jù nínú irú kan, ó sì ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú irú mìíràn. Níta gbangba, lókèèrè, ní ọwọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kò burú. Nínú àgọ́, ọ̀fun àwọn ọmọ ni ẹ ń sun ún sí. Ọ̀tápíápíá burú ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àjọ NAFDAC kò ṣàdédé fi òfin de títa ìgò kékeré onímílílítà 100 ti dichlorvos tó wà nínú rẹ̀ ní 2019. Ẹ má fọ́n ọn sí aṣọ tí ọmọ máa sùn lé.

Àwọn kan tún máa ń pariwo pé kí a pa gbogbo iná, pé iná ló ń pe ẹ̀fọn. Iná ń pe èsúnsún àti àfòpiná. Ẹ̀fọn tó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀ ń tọ èémí tí à ń mí jáde, òórùn ara wa àti ooru ara wa. Ẹ tan iná yín. Kòkòrò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ lábẹ́ iná, pàápàá bí ilẹ̀ bá ṣì tutù: ó tín-ín-rín, ó gùn tó ẹyọ ìrẹsì tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, ó pupa, ó tún dúdú lórí àti ní ìdí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, oje inú rẹ̀ á bó awọ bí ẹni pé iná jó o, wọ́n á sì ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí ọmọ lára. Ẹ má lù ú. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀.

Ejò àti gbogbo ohun tí a ń fọ́n káàkiri nítorí rẹ̀

Iyọ̀. Kẹrosíìnì. Aáyù. Orógbó. Kámfọ̀. Kò sí ilé tí wọn kò ti ní ọ̀kan nínú wọn lọ́kàn, kò sì sí ẹ̀rí pé èyíkéyìí ń dá ejò padà. Kámfọ̀ ni mo fẹ́ kí a bá ara wa sọ òkodoro ọ̀rọ̀ lé lórí. Láàárín àwọn ọkùnrin Yorùbá, ó tó bí ẹnì kan nínú márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kámfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà pọ́njúpọ́njú mú, ọmọ tuntun sì lè ti ibẹ̀ kú. Òbí tó fọ́n kámfọ̀ yí ẹní ọmọ rẹ̀ ká nítorí ejò tí kò sí níbẹ̀ ti gbé ewu tó wà níbẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́ ni ejò ń wá. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń pè é. Òkìtì bíríkì, igi ìdáná, páànù àlòkù àti koríko gíga ló ń fi ara pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹ gé koríko, ẹ kó pàǹtí, ẹ di ihò eku. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe é, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó tú òkìtì igi ká ti lé ohun tó wà níbẹ̀ sí ọ̀nà ara rẹ̀. Lóru, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ gbọ́dọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé paramọ́lẹ̀ kì í sá fún èèyàn. Ibi tó wà ló máa ń dùbúlẹ̀ sí jẹ́ẹ́, á fi àwọ̀ ilẹ̀ bora.

Súfèé ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bá ń súfèé lóru ń pe ejò. Ejò kò ní etí ìta. Gbígbọ̀n ilẹ̀ àti ohùn tó wà nísàlẹ̀ ló ń mọ̀ lára. Súfèé ga ju ohun tó lè gbọ́ dáadáa lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ súfèé nítorí pé àwọn aládùúgbò ń sùn, ìyẹn gan-an ti tó ní ìdí.

Bí ejò bá wá buni ṣán, ibẹ̀ ni irọ́ ti ń pààyàn ní tòótọ́. Ẹ má fi okùn di ẹsẹ̀ pinpin, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má gbé òkúta dúdú lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dùbúlẹ̀, ẹ fi igi gbe ẹsẹ̀ tàbí apá náà kó má mira, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ara tó wú, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ pé sèbé ló tu oró sí ọmọ lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣan ojú náà lójú ẹsẹ̀, láìdúró. Oògùn apaoró tí wọ́n ń pè ní EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún Nàìjíríà, ń ṣiṣẹ́ lórí oró paramọ́lẹ̀ àti ti sèbé, àmọ́ kì í wà ní gbogbo ilé ìwòsàn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ mọ èyí tó ní in nítòsí yín. Mo ka ìpè yẹn sí apá kan ètò gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ṣe jẹ́.

Ti àkekèé rọrùn jù, ó sì dùn mọ́ àwọn ọmọ. Tọ́ọ̀ṣì kékeré aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó náírà wò, bóyá ayédèrú ni, ẹ tan án sí ilẹ̀ lóru kí ẹ tó tẹ́ ẹní. Bí àkekèé bá wà níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa tàn bí ewéko tútù. Ẹ gbọn bàtà wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀.

"Èédú tí kò rú èéfín mọ́ kò léwu"

Mo fẹ́ dúró pẹ́ níbí yìí, nítorí pé nínú gbogbo irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló ń pa odindi ìdílé láàárín òru kan ṣoṣo.

Otútù á mú wọn lọ́wọ́ ìdájí, wọn á wo àdògán tí wọ́n fi yan ẹja. Èédú ti pọ́n dáadáa, kò rú èéfín kankan. Wọn á gbé e wọ inú àgọ́, tàbí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ara àwọn ọmọ lè móoru. Èédú tó pọ́n tí kò rú èéfín yẹn gan-an ló ń tú gáàsì carbon monoxide sílẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Bó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè ọ́síjìn, ọpọlọ àti ọkàn kò sì ní rí ohun tí wọn máa fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó lajú á kọ́kọ́ ní orí ń fọ́ òun, òòyì á kọ́ ọ, á fẹ́ bì, a ó sì rò pé ibà ni. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ nǹkan kan. Kò ní jí.

Nítorí náà, kò sí èédú, kò sí sítóòfù, kò sí gáàsì ìdáná, kò sí fìtílà oníkẹrosíìnì nínú àgọ́, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣíṣí ilẹ̀kùn àgọ́ díẹ̀ kò tó láti sọ ọ́ di ohun tí kò léwu. Kí oorun tó kùn yín, ẹ da omi sí èédú títí á fi kú pátápátá.

Jẹnẹrétọ̀ ń tú gáàsì kan náà jáde. Ibi tí a sì máa ń gbé e sí, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú pálọ̀, ni ẹ̀yìnkùlé! Ibi tí ẹ fẹ́ kó ọmọ sùn sí nìyẹn. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kó jìnnà sí ibi tí èèyàn ń sùn tó mítà mẹ́fà ó kéré jù, kí ẹnu ọ̀nà èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ní tèmi, ẹ má tan tiyín rárá lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n tiyín nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ síbi ògiri, ẹ wo òdìkejì: níbo ni alámùúlégbè gbé tirẹ̀ sí, apá ibo ni èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí? Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, pẹ̀lẹ́tù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ fẹ́ sùn síta lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá wa yí ẹnu rẹ̀ sí apá kejì." N kò tíì rí ẹni tó kọ̀.

Ní ti iná igi, ẹ dá a síbi tó jìnnà sí àgọ́, nítorí pé aṣọ àgọ́ olọ́rá ń yọ́ mọ́ ara bó bá gbiná. Ẹ gbé korobá omi kan àti ti iyanrìn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù kò ní iṣẹ́ kankan nídìí iná tí ọmọ wà. Bí iná bá sì jó ẹnikẹ́ni, a ó gbọ́ oríṣiríṣi: ẹ pa ẹyin sí i, ẹ fi páàsìtì ìfọyín kùn ún, ẹ ta àdí sí i. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Omi tútù tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú, ni kó kọ́kọ́ kàn án.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó mọ́jú

"A ó kàn gbé e kaná ní òwúrọ̀, gbogbo kòkòrò á kú." Kòkòrò lè kú. Májèlé tí kòkòrò tó ń jẹ́ Bacillus cereus ti pò sínú ìrẹsì náà láàárín òru kò ní kú, iná ìdáná kò ràn án. Ìrẹsì tó ti wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa, ẹ má fún ọmọ. Ẹ se ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán. Iṣu sísun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà kò ní ìṣòro yìí, wọ́n sì bá ìdí iná mu jù.

Ohun tó ń rìn lóru

Òwìwí á ké. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, bí igi ńlá bá wà ládùúgbò. Ẹnì kan á sì ní ẹyẹ àjẹ́ ni, kí ẹ kó ọmọ wọlé. Eku ni òwìwí ń dọdẹ. Ilé tí òwìwí ń ṣọ́ kì í ní eku púpọ̀, ibi tí kò sì sí eku, ejò kì í fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ọdẹ wa ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà nípa òru ló yẹ ká dà nù. Ní àwọn ìlú bí Ìsẹ́yìn àti Ìkòròdú, tí Orò ti ń jáde, obìnrin kì í sí níta lásìkò náà. Òfin ìlú nìyẹn, a ò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọmọdé dán an wò. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́ tiyín.

Èèyàn ló yẹ ká máa rò nípa rẹ̀ jù. Wọ́n á ní, "Ògiri wa ga, kò sẹ́ni tó lè wọlé." Ògiri gíga kò sọ fún ọdẹ àdúgbò pé ẹ̀yin lẹ ń tan tọ́ọ̀ṣì káàkiri ní ago méjì òru. Ẹ sọ fún un, ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ẹ ti géètì, kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wà ní ṣíṣí fún yín, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹnì kan tí gbogbo yín mọ̀. Bí àdúgbò yín bá wà nínú ìdààmú lásìkò náà, ẹ sún un síwájú láìsí ìtìjú kankan.

Àrá

Abẹ́ igi kì í gbani lọ́wọ́ àrá, àgọ́ pẹ̀lú kì í gbani. Ìró àrá ń rìn kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ rárá, ó ti súnmọ́ yín tó láti ṣe ibi. Ẹ wọlé, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ onírin, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn èyí tí ẹ gbọ́ gbẹ̀yìn kí ẹ tó jáde. Ìjì oṣù Kẹta àti Kẹrin ni kí ẹ yẹra fún jù, òun ló máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka máńgòrò. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ pàgọ́, ẹ wòkè: àgbọn tó ti gbó àti ẹ̀ka gbígbẹ kò mọ ọmọ ẹni.

Láti àárín oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti lọ, ẹ̀fọn ti dín, ọyẹ́ kò tíì fi eruku bo ojú ọ̀run tán.

"Kí ni ọmọ máa rí níbẹ̀?"

Ojú ọ̀run ni. Ẹ fi àgùàlà hàn wọ́n. Wọ́n sábà máa ń ní ajá òṣùpá ni, pé kì í fi ẹ̀gbẹ́ olówó rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà fúnra wọn ti fi òwe tako ìyẹn. Àgùàlà ni Venus, ayé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa tó ń yí oòrùn ká. Nítorí pé ó súnmọ́ oòrùn jù wá lọ, ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí nìkan la lè rí i. Kò sí ẹni tó rí i rí ní ọ̀gànjọ́ òru nílẹ̀ Yorùbá. Oṣooṣù ni òṣùpá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ méjì tó tẹ̀ léra, wọn á fi ojú ara wọn rí i pé wọ́n ti yà.

Ìràwọ̀ tó ń já bọ́ kì í ṣe ìràwọ̀, kì í sì í ṣe àmì pé ẹni ńlá kan kú. Èérún tó sábà máa ń kéré bí iyanrìn ló ń sáré wọ afẹ́fẹ́ ayé, tó sì ń jóná lókè. Lọ́dọọdún, lóru 13 mọ́ 14 oṣù Kejìlá, ayé wa ń gba inú èérún tí òkúta kan tó ń jẹ́ Phaethon tú sílẹ̀ kọjá, wọ́n sì máa ń já bọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Òun ni mo bá yín mú fún òru yín. Láti ago mẹ́wàá lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, ó sì ń pọ̀ sí i títí di ago méjì. Ẹ pa fóònù, ẹ fún ojú ní ogún ìṣẹ́jú kó bá òkùnkùn mọ́ra, kí gbogbo yín fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Lọ́dún tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbé ẹní sí apá ibi tí ilé bò ó mọ́ yín lójú, kí ẹ sì kọ ojú sí apá tó ṣókùnkùn jù.